Pléètì Alumíníọ̀mù Tó Ń Rì Láàárín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ní pléètì alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú yanrìn, ó gùn tó 300 mm, ó nípọn tó 20 mm. Mo fi kíláǹpù mú igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ẹ̀rọ míìlì tó ń gé irin, mo gé e títí ó fi tẹ́jú, àmọ́ bí mo ṣe tú u ni àárín rẹ̀ rì. Alumíníọ̀mù tún ń lẹ̀ mọ́ ehín kọ́tà, irin eléhín tó ń yí tó ń gé iṣẹ́, ojú iṣẹ́ á wá rí gbágungbàgun. Kí ni kí n ṣe?
Òǹkàwé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má dá ẹ̀rọ rẹ lẹ́bi. Bí o ṣe dè é ni kí o kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n bá dà sínú yanrìn, abẹ́ rẹ̀ kì í sábà tẹ́jú. Bí àárín bá kan tébù ẹ̀rọ tí igun ò kàn án, kíláǹpù á tẹ igun wálẹ̀ tipátipá. O gé e tán, o tú u, igun gbéra padà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Adó, pléètì méjì ni mo bà jẹ́ kí ọ̀gá mi tó fún mi ní bébà pélébé kan, ó ní kí n máa tì í sábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan kí n tó fọwọ́ kan spánà. Ibi tí bébà bá ti wọlé, mo gbọ́dọ̀ ki irin pẹlẹbẹ sí i títí pléètì ò fi ní mì mọ́. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní.

Gé ojú kìíní díẹ̀, yí i padà, kí ojú tó tẹ́jú yẹn jókòó lórí tébù, gé ìkejì, kí o wá padà parí ti àkọ́kọ́. Má gbé gbogbo gígé náà lé ojú kan ṣoṣo.

Yanrìn tó kù lára èèpo rẹ̀ ló máa ń jẹ ehín kọ́tà. Jẹ́ kí gígé àkọ́kọ́ wọlé tó 1.5 mm, kí ehín lè gba abẹ́ èèpo náà kọjá. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá yọ, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi tí ọ́ìlì ò gbọdọ̀ ti jò, wá pléètì mìíràn.

Ní ti lílẹ̀, kọ́tà eléhín méjì ni kí o lò. Èyí tó fẹ̀ ní 12 mm lè yí nígbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, kí tébù rìn ní 240 mm láàárín ìṣẹ́jú náà. Bí ẹ̀rọ rẹ ò bá kọjá 1,500, jẹ́ kí tébù rìn ní 150 mm. Má fà á lẹ́sẹ̀ jùyẹn lọ: ehín tí kò bá gé dáadáa, ńṣe ló ń ha, tó ń gbóná, alumíníọ̀mù á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Fi búrọ́ọ̀ṣì kun kẹrosíìnì sí i, jìnnà sí iná, kí o sì máa gbá èérún kúrò. Èérún tí kọ́tà bá tún gé lẹ́ẹ̀kejì wà lára ohun tó ń ha ojú iṣẹ́.

Jẹ́ kó tutù kí o tó wọ̀n ọ́n. Bó bá fi ìwọ̀n 20 °C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, 300 mm yẹn á fi nǹkan bí 0.14 mm gùn sí i.