Ẹ Má Fi Ojú Aago Nìkan Ṣèdájọ́

ÌBÉÈRÈ: Bàbá oníṣẹ́-aago, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi aago ọwọ́ kan lọ̀ mí, wọ́n kọ Rolex sí i lójú. Ẹni tó ń tà á sọ fún mi pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ó ní ayédèrú tó dáa ni, pé kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kówó tó kúrò lápò yín. Ojú aago làwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń náwó lé jù, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wo bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń rìn. Lóòótọ́, tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń lò. Ṣùgbọ́n ayédèrú òde òní náà ń sún nígbà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bíi ti ojúlówó, torí náà ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ bá aago fóònù mú un dọ́gba, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ di ọjọ́ kejì. Ìlérí Rolex ni pé tiwọn ò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 2 yá tàbí kó fi lẹ́ lóòjọ́. Èyí tó bá ti ń fi ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ tún yí ọwọ́ rẹ̀ kọjá aago méjìlá òru: ó yẹ kí òǹkà ọjọ́ fò lójú ẹsẹ̀, kó sì jókòó sí àárín gbùngbùn ihò rẹ̀.

Tí mo bá ṣí àwọn ayédèrú yìí, ohun tí mo sábà máa ń rí ni òróró tó kún fọ́fọ́ níbì kan tí kò sì kan ibòmíì rárá, ẹ̀rún irin wẹ́wẹ́ láàárín eyín àwọn àgbá, orí ìdè tí túnàfíìsì ti ha. Rọ́bà tó yẹ kó dínà omi á ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Jíjìn omi mítà 300 tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, àdàkọ lásán ni. Ẹ má gbé e wọnú omi láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an wò.

Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ rà á. Orúkọ olórúkọ ló gbé sórí, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ ra Seiko tàbí Citizen tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Seiko tí wọ́n ń pè ní NH35 wà nínú aago ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké, kò sì nira láti rí èyí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ti ayédèrú, mo lè wá ẹ̀yà kan tì, tó bá sì yá kí n dá a padà fún olówó rẹ̀ bó ṣe wà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á ná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n ta òróró sí i, kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún un.