Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òróró róòsì Bùlùgáríà tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn mẹ́jọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Plovdiv, ní orílẹ̀-èdè Bùlùgáríà, ó sì ń bọ̀ wá bá wa ṣe Kérésìmesì ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ kó bá mi ra ẹ̀bùn tó jẹ́ ti ilẹ̀ ibẹ̀: fún àwọn obìnrin márùn-ún nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti fún ìyá tó ni ilé tí ọmọ náà ń gbé. Ẹnì kan ń ta ojúlówó òróró róòsì Bùlùgáríà lórí WhatsApp, ìgò 50 ml ní pọ́n-ùn mẹ́jọ. Ó ní bí ìyá ọkọ mi bá ń kán an sójú, tó sì ń kán ẹ̀kán méjì sínú tíì rẹ̀, glaucoma tó ń yọ ọ́ lẹ́nu á lọ. Ṣé kí n ra ìgò mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí kí ọmọ mi rà á wá láti ibẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ọmọ yín bá sì rà bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ kan ojú Màmá.

Gbogbo ìgbà tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ni irú ìbéèrè yìí máa ń ya dé ọ̀dọ̀ mi. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè o, bí kò ṣe sí àwọn tó ń fi ojú àgbàlagbà ṣòwò. Glaucoma ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé omi inú ẹyinjú ń tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìríran tó bá ti bá a lọ kì í padà mọ́; ìtọ́jú dókítà ojú ló ń dá ìyókù sí. Kò sí òróró òdòdó tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń ta ojú, ó sì lè ṣe ẹyinjú léṣe, ì báà jẹ́ ojúlówó, ì báà jẹ́ ayédèrú. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí Màmá bá gbà pé òróró yìí ń ṣiṣẹ́, ó lè pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń lo oògùn náà. Ti inú tíì náà, rárá ni. Òróró tí wọ́n sè fún òórùn kì í ṣe ohun mímu.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìgò 50 ml yẹn, torí ìṣirò nìkan ti tó láti já irọ́ náà.

Òdòdó tí wọ́n ń lò ni Rosa damascena. Ní Bùlùgáríà, àfonífojì tó wà láàárín òkè Balkan àti òkè Sredna Gora ni oko rẹ̀ pọ̀ sí jù, ní agbègbè Kazanlak àti Karlovo. Inú oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ló ń tanná, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, láti ìdájí kí oòrùn tó mú, torí bí oòrùn bá ti ràn, òórùn inú rẹ̀ á máa fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ń kó o sínú agbada ńlá tó ní ìdérí, wọn á fi omi sè é, wọn á gba oru rẹ̀, wọn á mú kí oru náà tutù kó padà di omi. Òróró díẹ̀ á wá léfòó. Wọn á tún omi náà sè lẹ́ẹ̀kejì, kí òróró tó ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀ lè jáde. Pẹ̀lú gbogbo làálàá yìí, nǹkan bí 3,000 sí 4,000 kílò òdòdó ló ń lọ sí kílò òróró kan ṣoṣo.

Òróró tó kún ìgò 50 ml á wọn nǹkan bí gíráàmù 43. Bí a bá mú 3,500 kílò fún ìṣirò wa, òdòdó tó máa lọ sínú ìgò kan yẹn á tó 150 kílò. Ta ló máa já 150 kílò òdòdó ní ìdájí, tó máa sè é lẹ́ẹ̀mejì, tó máa rọ ọ́ sígò, tó máa fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì máa gba pọ́n-ùn mẹ́jọ? Lọ́wọ́ àwọn olówò ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò ni wọ́n ń ra kílò kan. Ká tiẹ̀ ní yúrò 6,000 péré ni, ohun tó wà nínú ìgò 50 ml ti ju yúrò 250 lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n gíráàmù kan tàbí 1 ml ni wọ́n ń ta ojúlówó fún èmi àti ẹ̀yin, nínú ìgò tó lè sọnù sínú àtẹ́lẹwọ́.

Kí ló wá wà nínú ìgò pọ́n-ùn mẹ́jọ? Mi ò rí ìgò náà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mi ò ní sọ pé báyìí ló rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà ń fi lu òróró róòsì kò pamọ́ fún àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí: èròjà olóòórùn geraniol àti citronellol tí wọ́n pò nílé iṣẹ́, òróró ewé geranium, òróró palmarosa tí wọ́n ń sè láti ara koríko kan, tàbí òróró álímọ́ńdì lásán tí wọ́n da lọ́fíńdà sí. Geraniol àti citronellol wà nínú òróró róòsì fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi imú nìkan dán an wò fi ń gbà pé ojúlówó ni.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sínú fìríìjì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ojúlówó ní oríṣi ìda kan nínú, nítorí náà bí òtútù bá mú un, á dì, á yọ ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán. Bí ẹ bá sì di ìgò náà mọ́ ọwọ́, á yọ́ padà. Èyí tí kò bá dì rárá nínú fìríìjì, ẹ fura sí i. Ṣùgbọ́n dídì nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àwọn tó ń lú u náà mọ àyẹ̀wò yìí, wọ́n sì lè fi ìda sí i. Yàrá àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní gas chromatography, tó ń tú òróró palẹ̀ ní èròjà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi wé ISO 9842, ìlànà àgbáyé fún òróró róòsì. Bí ọmọ yín bá máa ra ojúlówó dandan, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ tó ń sè é, kí ó béèrè ìwé àyẹ̀wò náà. Láti 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ "Bulgarsko rozovo maslo" (òróró róòsì Bùlùgáríà), kí a má lè fi í pe òróró tó wá láti ibòmíràn.

Ẹ̀yìn ìgò náà sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá kà á. "Rosa Damascena Flower Oil" nìkan, láìsí nǹkan mìíràn, òróró róòsì nìyẹn lójú ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí "Parfum", lọ́fíńdà ti wọ̀ ọ́. "Prunus Amygdalus Dulcis Oil" ni òróró álímọ́ńdì, "Simmondsia Chinensis Seed Oil" sì ni òróró irúgbìn jojoba. Kò sí ohun tó burú nínú òróró róòsì díẹ̀ tí wọ́n fi jojoba là, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ tí wọ́n sì dárúkọ iye rẹ̀.

Fún àwọn obìnrin márùn-ún yẹn, omi róòsì ni kí ẹ rà. Omi tó kù lẹ́yìn sísè yẹn náà ni, ó ń ta sánsán dáadáa, torí pé ọ̀kan lára àwọn èròjà tó ń fún òdòdó náà ní òórùn máa ń bá omi lọ ju òróró lọ. Ẹ wá "Rosa Damascena Flower Water" lẹ́yìn ìgò, láìsí "Parfum" àti láìsí àwọ̀. Kí ọmọ yín fi ọṣẹ róòsì kan tì í, àti muskal kọ̀ọ̀kan: ìgò tín-ín-rín tí wọ́n fi sínú igi gbígbẹ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mèremère. Lọ́fíńdà ló sábà máa ń wà nínú muskal olówó pọ́ọ́kú, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí ẹni tó ń lo omi róòsì kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kó dúró di ọjọ́ kejì. Kí aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée béèrè lọ́wọ́ dókítà tirẹ̀ ná, torí mi ò yẹ ẹnikẹ́ni wò láti ibi tí mo wà yìí.

Fún Màmá, kápẹ́ẹ̀tì híhun Chiprovtsi ni mo fara mọ́. Ìlú kékeré tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, àwọn obìnrin ló ń fi òwú irun àgùntàn hun ún lórí òfì tó dúró lóòró, bí èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá. UNESCO gbà á wọ inú ìwé ohun àjogúnbá ní 2014. Ẹ yí i padà kí ẹ tó sanwó: iwájú àti ẹ̀yìn ojúlówó bákan náà ni. Ńlá rẹ̀ wọ́n. Èyí tó tó bo orí ìjókòó àga ti tó fún un. Bí owó kò bá tó, kí ọmọ yín wo abọ́ amọ̀ Troyan, èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀kán omi, ní àdúgbò Kapana ní Plovdiv níbẹ̀. Kí ó béèrè bóyá wọ́n ṣe é fún oúnjẹ, torí ọ̀dà àwọn kan tó wà fún ọ̀ṣọ́ lè ní òjé nínú.

Kí ó fi wàràkàṣì sirene àti sọ́séèjì lukanka sílẹ̀ o. Láti oṣù kẹrin 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de kíkó ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti Yúróòpù nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn. Kí ó wo ohun tí òfin wí lọ́sẹ̀ tó bá máa gbéra. Kó má sì ra àwòrán ẹni mímọ́ tàbí owó ẹyọ tí ẹnikẹ́ni bá pè ní ti àtijọ́ ní ọjà òde, torí kò gbọ́dọ̀ mú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní ilẹ̀ náà láìgba ìwé. Àwòrán tuntun láti ọwọ́ ẹni tó ń yà á, pẹ̀lú rìsíìtì, kò ní wàhálà. Martenitsa, okùn pupa àti funfun tí yóò rí káàkiri, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni wọ́n ń fún ara wọn, kì í ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì.

Ó ku ìyá onílé. Kí ni ọmọ Bùlùgáríà fẹ́ fi ohun Bùlùgáríà ṣe? Ẹ wá adìrẹ Abẹ́òkúta tó dára, tó tó tẹ́ orí tábìlì, kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ọmọ yín ra àpò àsálà ilẹ̀ Yúróòpù àti èso gbígbẹ tì í níbẹ̀, kí ó tó wọkọ̀. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, tí wọ́n ń pè ní Budni Vecher, oúnjẹ tí kò ní ẹran, ẹyin tàbí wàrà ni wọ́n ń gbé ka tábìlì, wọ́n sì máa ń fọ́ àsálà níbẹ̀ láti wo bí ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe sàn fún kálukú. Bí ó bá fẹ́ fi òdòdó lé e, kí ó mú mẹ́ta tàbí márùn-ún. Mẹ́rin àti mẹ́fà, ti òkú ni wọ́n ń mú bẹ́ẹ̀.