Kí ni mẹkáníìkì ń sọ bó bá ní "ẹ́ńjìnnì ti ń mí"?

Ìdáhùn tí wọ́n fún àbúrò wa tó béèrè ìbéèrè yìí bí mi nínú. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀, ó rí èéfín tó ń rú, ó ní "ẹ́ńjìnnì ti ń mí." Ẹnì kan wá sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn, kó lọ ra tòkunbọ̀. Ìmọ̀ràn tó ń jẹni lówó ni!

Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í mí. Bí epo bá ti gbiná lórí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì, òrùka irin tó yí písítìn ká, bọ́ sí ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà. Òun ni èéfín tí mẹkáníìkì yẹn rí. Tuntun ń ṣe é, ògbólógbòó ń ṣe é, ti ògbólógbòó ló kàn pọ̀ jù. Láyé ìjelòó, páìpù kan ló ń tú u dà sí títì. Èéfín tó bo Los Angeles ló mú kí California pàṣẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, pé kí ọkọ̀ tuntun máa fà á padà sínú ẹ́ńjìnnì kó jó níbẹ̀.

Fáàfù PCV, ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà láàárín ìdérí ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà tó ń fa èéfín yìí padà, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, manifold, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ń fà gidigidi, fáàfù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Bí o bá tẹná, fífà yẹn á dẹ̀, sípíríǹgì á ṣí i, èéfín púpọ̀ á ráyè kọjá. Rọ́bà kejì ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé láti ilé fílítà.

Bí fáàfù yẹn bá dí ńkọ́? Ìkòkò tí wọ́n dé pa lórí iná ni. Ọ́ìlì á máa wá ọ̀nà jáde lẹ́nu síìlì kiránkì, rọ́bà tó ń dí ibi tí ọ̀pá kiránkì ti yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á pààrọ̀ síìlì, á tún jò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan síìlì láìtíì wo fáàfù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní ńkọ́? Wọ́n á gé rọ́bà fáàfù náà, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ọkọ̀ á tún máa tú èéfín sí títì bíi ti ìjelòó. Wọn ò bi ara wọn léèrè ohun tí rọ́bà náà wà fún.

Àbúrò, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, yọ fáàfù náà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì, má yọ ọ́ lára rọ́bà rẹ̀, kí o fi ìka bo ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó fà ọ́ níka. Bí kò bá fà, wo rọ́bà rẹ̀ bóyá ó dí, kí o pààrọ̀ fáàfù. Bó bá fà dáadáa, tí èéfín ṣì ń rú gùdù lẹ́nu ihò ọ́ìlì, ríìngì ló ti gbó. Ìgbà yẹn ni kí o tó máa ṣírò owó ẹ́ńjìnnì.