Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, èmi nìkan: báwo ni kí n ṣe lò ó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ni mo wà níbí ní Òṣogbo. Èmi ni mò ń gba gbèsè. Láti bí oṣù mélòó kan, oorun ò kùn mí mọ́, orí ń fọ́ mi, tí fóònù bá sì ti dún, àyà mi á já. Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́ máa ga, ni wọ́n bá kọ ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fún mi. Èmi nìkan ni mò ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀. Àwọn òbí mi ní kí n wálé sí Ìlá, ṣùgbọ́n tí mo bá fi lè délé, ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa kó jọ dè mí. Mo fẹ́ dá wà. Ọjọ́ kejì rèé, mo kàn ń sùn, mò ń jí, mò ń wo fóònù. Àwọn ará ilé ti ń bèèrè bóyá wọ́n lé mi níṣẹ́ ni. Ṣé dídá wà yìí ò burú? Kí ni kí n máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Kò burú rárá. Ẹni tó ń bá èèyàn fà á láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí owó, ó tọ́ kí etí rẹ̀ sinmi díẹ̀. Ohun tó burú ni kéèyàn ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kó tún wá ti iṣẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìsinmi. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti oorun kúrò nílẹ̀. Tí másùnmáwo bá ti pẹ́ lára, àwọn èròjà bíi adrenaline àti cortisol ló máa ń gbé èèyàn dúró: ọkàn á máa sáré, iṣan á le, oorun á fúyẹ́. Tí iṣẹ́ bá wá dúró lójijì, àárẹ̀ tó ti sá pamọ́ á yọjú. Torí náà, ẹ sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú aago kan tẹ́ ẹ ó máa jí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé oorun òru yín ò dín ní wákàtí 7. Tẹ́ ẹ bá ń mu kọfí, ẹ má mu ún mọ́ tó bá ti kọjá aago 2 ọ̀sán, torí lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì máa wà lára. Bíà á tètè mú yín sùn lóòótọ́, yóò sì jí yín láàárín òru. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́mísí ta diazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, fún yín láìsí ìwé dókítà. Ó máa ń di bárakú.

Fóònù gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Mo mọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí: nọ́ńbà tí ìyá yín fi ń pè yín náà ni onígbèsè fi ń pè yín, òun náà ni ọ̀gá fi ń bèèrè iye tẹ́ ẹ gbà lónìí. Ẹ wá fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì kan tí kò mọ WhatsApp, ẹ fi síìmù mìíràn sí i, kẹ́ ẹ fún èèyàn mẹ́ta péré ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ pa fóònù ńlá. Ẹ lè tàn án lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì tún pa á. Kẹ́ ẹ tó pa á ti àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí ọ̀gá yín: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi tí dókítà kọ fún mi, ọjọ́ báyìí ni mò ń padà. Ìwé àwọn oníbàárà mi wà lọ́wọ́ lágbájá. Fóònù mi ò ní máa wà ní títàn." Ẹ má fi "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú" kún un. Ìwé dókítà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ọkàn náà ní fóònù tirẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀, orúkọ ìyá kan ní ọjà Ìgbọ̀nà tí kò tíì san ti oṣù mẹ́ta á kàn yọ sí yín. Ẹ má bá a jà. Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ pa ìwé dé. Tó bá di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí i, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 rò ó, kó tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó tóbi lóru kì í tóbi mọ́ nírọ̀lẹ́.

Ní ọdún 2007, Sabine Sonnentag, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Jámánì, òun àti Charlotte Fritz gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tó ń mú èèyàn kọ́fẹ padà lẹ́yìn iṣẹ́. Mẹ́rin ni wọ́n kà: kí ọkàn kúrò níbi iṣẹ́, kí ara rọlẹ̀, kéèyàn máa kọ́ nǹkan tuntun, kí àkókò ẹni sì wà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn wa máa ń fò, torí wọ́n gbà pé ìjókòó lásán ni ìsinmi. Ẹ ò sì nílò kẹ́ ẹ rìn jìnnà. Inú ìlú aláró lẹ wà. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe àdìrẹ, ẹ sanwó fún un, kó kọ́ yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ó fi ìko di aṣọ funfun ní kókó kókó, ẹ ó rì í sínú ìkòkò aró. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ máa ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú yín. Ọwọ́ tó rin fún aró ò lè di fóònù mú. Tí ìyẹn ò bá wù yín, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se gbẹ̀gìrì. Ọkùnrin tó ń dá gbé tó mọ̀ ọ́n sè ò pọ̀.

Ẹ máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn á pé ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ó kéré jù fún àgbàlagbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tó tutù, Igbó Ọ̀ṣun wà nítòsí, èyí tí UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kó má jẹ́ àsìkò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, torí èrò á ju ti ọjà lọ. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ wo àwọn ọ̀bọ, ṣùgbọ́n ẹ má bu omi odò yẹn mu. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti bà á jẹ́. Tí ẹ̀sìn yín ò bá gbà yín láyè láti wọbẹ̀, igi ò tán ní Òṣogbo.

Ní ti Ìlá, ẹ mú ọjọ́ kan fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ padà nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé? "Líìfù ni mo wà" ti tó. Ẹ má ṣàlàyé kọjá ibẹ̀, ẹ máa kí wọn dáadáa.

Àmọ́ ẹ má dá wà pátápátá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú rẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká ló ní kí àwọn aláìsàn máa gbé, pẹ̀lú ìbátan kan tó tẹ̀ lé wọn wá. Tiyín ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yan ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, tí yóò máa gbóhùn yín ní alaalẹ́, tí yóò sì wá kan ilẹ̀kùn tí kò bá gbọ́ ọ.

Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ò bá délẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀la, ọsibítù ni. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá gba odindi ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò wọlé, tàbí tí ẹ bá ń rò pé ikú sàn ju ayé lọ, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ yàn yẹn lójú ẹsẹ̀, kó tẹ̀ lé yín lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní ọsibítù ńlá UNIOSUN.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́ padà. Tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ wọlé ní Wednesday, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kúrú. Ní 2019, WHO sọ pé másùnmáwo ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ló ń bí irú àárẹ̀ yìí. Tí iṣẹ́ ò bá yí padà rárá, ìsinmi yìí ò ní pẹ́ kó tó ṣá. Torí náà, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀gá yín: kí ilé iṣẹ́ ra síìmù tí àwọn oníbàárà á máa fi pè yín, tí ẹ ó máa pa tí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́.