Ọkọ̀ tó sùn lábẹ́ tapólì

Àbúrò mi ọmọ Ìjẹ̀dẹ́, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọdún 12 rèé tí o ti sá eré ọkọ̀ kẹ́yìn, o ti pé ọmọ ọdún 46, Honda Civic rẹ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí o jí i, tàbí kí o tà á kí o fi ra òmíràn. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí. Ọdún 2014 ni mo kúrò lórí pápá, 2023 ni mo padà, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìgbógbò níbí ni mo ti jí Golf tèmi.

Má tà á. Ṣùgbọ́n má tíì sítáàtì rẹ̀ o.

Gbogbo wa la máa ń ronú ti ẹ́ńjìnnì ṣáájú. Mekáníìkì mi ní Odògúnyàn yọ pílọ́ọ̀gì tèmi, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Epo inú táńkì ti ń fà bí oje igi. A dà á nù, a fọ táńkì, a pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì. Ó jí. Mo jó nínú àgbàlá, mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló wá fẹ́ pa mí.

Bíréèkì ni. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, àwa tí a sì ń gbé létí ọ̀sà yìí, omi ni afẹ́fẹ́ wa. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bó bá jẹ́ tuntun, gbọ́dọ̀ fara da ooru tó 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó kéré tán, kó tó hó. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 155. Bó bá jẹ́ pé Sábó lò ń lọ ra búrẹ́dì, o ò ní mọ̀. Lórí pápá, níbi tí o ti ń tẹ bíréèkì léraléra, yóò gbóná, yóò hó, yóò di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, ẹsẹ̀ rẹ á wá wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ fóòmù. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì náà lọ sídìí táyà ń kọ́? Tèmi ń dán lóde, inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ìgbà kẹta tí mo wọ pápá ló ṣẹlẹ̀. Kóònù ni wọ́n tò, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, aago la ń bá du, ìyẹn ni mi ò ṣe kọlu ẹnikẹ́ni. Mo wó kóònù mẹ́fà, mo wọ inú koríko, mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin tó ń kọ àkókò sáré wá, ó ní, “Bàbá, ṣé kò sí?” Kò sẹ́ni tó pè mí ní Bàbá lórí pápá rí. Ó dùn mí ju kóònù lọ.

Wo táyà náà. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀ (kì í ṣe ti ọ́ìlì bíréèkì o), kí o ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bí o bá rí 2313, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Ó lè má tíì jẹ rárá, àmọ́ ó ti le bíi pákó. Fọganáísà á sọ pé “ó ṣì dáa, ọ̀gá”. Má dá a lóhùn. Má sì rò pé tòkunbọ̀ ló máa gbà ọ́, òmíràn nínú wọn ti sùn lọ́hùn-ún pẹ́ ju tìrẹ lọ.

Akoto ọlọ́kadà kì í ṣe tiwa. Èyí tí Snell, àjọ tó ń dán akoto wò, kọ SA sí ni wọ́n fi iná dán wò. M, ti alùpùpù ni, wọn kì í fi iná dán an wò. Bẹ́líìtì ìjókòó tí FIA, àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé, fọwọ́ sí náà ní ọdún tí àsìkò rẹ̀ ń tán, ó wà lára aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn. Mo bá àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò jà lórí tèmi, mo ní inú àpò ló wà látọjọ́ yìí, mi ò lò ó. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Owó? Lítà epo kò tó 100 náírà nígbà tí mo kúrò. Nígbà tí mo fi padà, wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, ó ti kọjá 500. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á máa sọ ìtàn Niki Lauda, awakọ̀ eré Formula 1, fún ọ. Ó fi eré sílẹ̀ ní 1979, ó padà ní 1982, nínú eré kẹta ọdún yẹn ló ti gba ipò kìíní, ó sì di olúborí àgbáyé ní 1984, ìdajì àmì péré ló fi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lauda ò tíì pé 35 nígbà tó padà, ọdún díẹ̀ ló sì fi sinmi. Wo Michael Schumacher, òun náà awakọ̀ Formula 1, olúborí àgbáyé lẹ́ẹ̀méje: ó kúrò ní 2006, ó padà ní 2010 nígbà tó pé 41, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi sáré, ipò kẹta ẹyọ kan ló rí, ní Valencia, 2012. Ta wá ni èmi ọmọ Ìgbógbò?

Ọwọ́ mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń yí jíà láìronú, ibẹ̀ gan-an ló ti tàn mí. Ọwọ́ ń ṣe ti 2014, ojú ń ṣe ti 2023. Mo ń rí kóònù ọ̀ọ́kán kedere, àmọ́ géèjì ooru tó wà níwájú mi, bàìbàì. Mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi, mo fi fa ìlà sí ibi tí ọwọ́ géèjì ò gbọdọ̀ kọjá. Ó wúlò fún mi ju awò lọ, torí òógùn inú akoto kì í jẹ́ kí awò ríran.

Má lọ dán ọkọ̀ yẹn wò ní títì Ìtòkín. Mo mọ̀ pé ó ti wá sí ọ lọ́kàn. Mo ṣe é, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, aago márùn-ún ààbọ̀, mo ní ta ló máa wà níta. Bí mo ṣe ya kọ́nà kan kí n tó dé Ìmọ̀tà, ìyá kan wà létí títì, agbọ̀n lórí, ọmọ rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. Mo kọjá lára wọn fẹ̀ẹ́rẹ́. Ìyá náà yíjú wò mí, kò bú mi. Ì bá bú mi. Mo wa ọkọ̀ padà sílé bí ẹni tó gbé ẹyin, mi ò sì sọ fún ìyàwó mi títí di òní. Bó bá ka èyí, ó ti gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ inú koríko yẹn, mo bẹ ọmọ tó ń kọ àkókò pé kó má sọ iye tí mo fi sáré fún mi. Odidi ọdún kan ni mi ò fi gbọ́ ọ. Ìwé kékeré tí mo kọ àkókò mi àtijọ́ sí, mo fún ọmọbìnrin mi kó bá mi gbé e pamọ́, kò sì tíì dá a padà. Mi ò béèrè.

Bó o bá fẹ́ ṣí tapólì yẹn lọ́jọ́ Sátidé, mú igi dání, kí o kọ́kọ́ fi gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Eku ló wà nínú tèmi, ó ti jẹ wáyà dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ejò sì ti tẹ̀lé eku. Lẹ́yìn náà, ka nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o kọ ọ́ síbí fún mi.