Ẹ̀rọ ìṣánko mẹ́ta tí mo ti rà, àti èyí tí ó kù sí mi lọ́wọ́

Arábìnrin wa kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní Gáà Àkànbí, nílùú Ìlọrin, béèrè èwo ni ó yẹ kí òun rà nínú ẹ̀rọ ìṣánko oníwáyà, oníbátìrì àti elépo. Ó ní àgbàlá òun kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin pulọ́ọ̀tì lọ, ínfátà wà nínú ilé, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ọwọ́ òun sì máa ń dilẹ̀. Ẹ̀rọ olókùn ni à ń sọ, èyí tí okùn ọ̀rá máa ń yí bìrìbìrì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń tì lórí táyà. Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní Adéwọlé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba méjì jẹ́ nínú wọn, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó ni mo fi kọ́ ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ ra àkọ́kọ́, bí ilẹ̀ mi ṣe fẹ̀ tó ni mo ń rò. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ni bí koríko náà yóò ti ga tó ní ọjọ́ tí àyè bá gbà á láti ṣán an. Ẹni tí ó bá ń ṣán tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ẹ̀rọ tí kò lágbára púpọ̀ yóò tó o, nítorí koríko tí kò kọjá kókósẹ̀ kì í bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú ẹní mẹ́wàá lọ, tí ó wá rin ìrìn àjò fún oṣù kan gbáko nínú oṣù Keje, igbó ni yóò padà wá bá. Igi koríko náà yóò ti le, ewé gígùn rẹ̀ yóò sì máa lọ́ mọ́ ibi tí okùn ti ń yí títí ẹ̀rọ yóò fi dúró. Ní Ìlọrin níbí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń lọ títí dé oṣù Kẹwàá. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ti tó kí èyí tí mo gé mọ́lẹ̀ tún padà dé orúnkún mi.

Elépo ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 52 cc, nítorí ẹni tí ó tà á fún mi ní Ọ̀nà Táíwò sọ pé bí mo bá ra kékeré, n óò kábàámọ̀. Ẹ̀rọ náà lágbára, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ń gé igbó tí àdá ń bẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n fún àgbàlá mi, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé àáké wá láti fi gé ilá. Ó wúwo débi pé èjìká máa ń ro mí di ọjọ́ kejì, àkókò tí mo sì fi ń po epo, tí mo fi ń fa okùn ìtaná rẹ̀, tí mo sì fi ń wọ ìgbànú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi ń ṣán koríko gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra elépo fún koríko lásán, èyí tí kò ju 25 sí 33 cc lọ ti tó o.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ epo yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fara gbá a. Ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀rọ yìí kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I-pass-my-neighbour. Kò ní ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀; inú epo bẹntiróòlù ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, òun nìkan náà ni ó sì ń dé ara písítìnì àti bíárìn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi bá mi bu epo sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń lò fún jẹnẹrétọ̀ ńlá, èyí tí kò ní ọ́ìlì kankan nínú. Kò mọ̀, èmi náà kò sì béèrè. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ wá ń le sí i bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó sì kú. Nígbà tí mo fa okùn rẹ̀, kò yí rárá. Mẹkáníìkì tú u, ó sì gbé písítìnì náà lé mi ní àtẹ́lẹwọ́: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kún fún ìlà gbọọrọ gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó ha á. Písítìnì àti sílíńdà tuntun ni mo rà.

Láti ìgbà náà, síríǹjì 20 ml tí mo rà ní ilé ìtajà oògùn ni mo fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá bá ní 50:1, síríǹjì kan ni fún lítà epo kan. Bí ó bá ní 25:1, ó di méjì. Ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe ojú ìwọ̀n mẹkáníìkì, nítorí bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èéfín yóò máa bo yín, pílọ́ọ̀gì yóò sì máa dọ̀tí. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 2T sí lára ni ó ń fẹ́. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì di oṣù Kọkànlá tí koríko ti ń gbẹ, ẹ da epo inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jó èyí tí ó kù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Epo tí ó bá sùn nínú rẹ̀ di oṣù Kẹrin yóò ti gbẹ di ohun tí ó ń lẹ̀ bí oje igi nínú ihò wẹ́wẹ́ inú kábúrétọ̀, ẹ óò sì fa okùn títí apá yóò fi bọ́.

Ti owó epo, láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé mi. Síbẹ̀, kí n sọ òótọ́, èyí tí ẹ̀rọ náà ń mu lórí àgbàlá mi kò tó ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan. Wàhálà rẹ̀ ni ó ju owó rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ariwo. Mọ́sálásí wà lẹ́yìn ilé wa, kò sì sí bí mo ṣe lè tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìrun bá ti ń súnmọ́, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀, tí ó sì wu ènìyàn láti ṣiṣẹ́.

Oníwáyà ni mo tẹ̀ lé e, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500 W. Bí iná bá dára níbi tí ẹ ń gbé, n kò mọ ohun tí ó rọrùn tó o. Ó fúyẹ́, ẹ óò kàn tẹ ọwọ́ rẹ̀ ni, bí ẹ bá sì lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdá kan nínú mẹ́rin unit kan ni yóò jẹ nínú mítà yín. Àwọn tí ó wà ní Band A, tí iná wọn yẹ kí ó máa tó ogún wákàtí lójúmọ́, lè fi ọkàn balẹ̀ rà á. Àdúgbò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iná máa ń dé nígbà tí ó bá wù ú, bí ó bá sì dé, ó máa ń rẹlẹ̀.

Iná rírẹlẹ̀ yìí gan-an ni ó pa tèmi. Mo so ẹ̀kísténṣọ̀n méjì olówó pọ́ọ́kú pọ̀ kí ó lè dé ìdí ògiri ẹ̀yìn. Wáyà tínínrín tí ó gùn máa ń jẹ nínú iná kí iná náà tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí oníná wa fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 178 V ni ó wà ní ojú ògiri, 165 V ni ó sì dé ọ̀dọ̀ mi, dípò 230 V. Ẹ̀rọ náà ń yí jẹ́jẹ́, koríko ń tẹ̀ dípò kí ó gé, èmi náà sì ń tì í mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kò yára mọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó báyìí, mo gbọ́ òórùn bí ìgbà tí ọ̀rá bá ń jó, èéfín funfun sì yọ láti ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó parí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra oníwáyà, kí ó wá wáyà kan ṣoṣo tí ó nípọn, 1.5 mm² ó kéré tán, kí ó má jù 30 mítà lọ, kí ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lò ó, nítorí wáyà tí ó ká jọ máa ń gbóná. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ibi tí iná wà, kí ó máa ṣán lọ síwájú, kí wáyà máa wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi tí mo ṣe é lódìkejì, mo ti fi okùn ọ̀rá bó awọ wáyà rí, mo sì rí bàbà inú rẹ̀ tí ó ń dán láàárín koríko. Kí ó má sì ṣe lò ó nínú ìrì tàbí lẹ́yìn òjò rárá, nítorí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, mọ́tò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi wà.

Oníbátìrì ni ó kù lọ́wọ́ mi báyìí, ó ti di ọdún kejì. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 18 V, 4 Ah (Ah ni ìwọ̀n bí iná tí ó lè gbà sínú ti pọ̀ tó). Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ fún ara wọn, ẹ óò rí 72 Wh, ìyẹn ni gbogbo ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà. Lórí koríko kúkúrú, ó ń gbé mi dé ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Lórí èyí tí ó ga, kì í kọjá mẹ́wàá. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n kọ 48 V tàbí 88 V sára bátìrì kékeré tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì inú irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ márùn-ún ní ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 3.6 V, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 V. Èyí tí wọ́n kọ 20 V sí àti èyí tí wọ́n kọ 18 V sí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ah ni kí ẹ wò, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó tẹ̀wọ̀n.

Ibi tí ó ti dára jù fún ẹni tí ó ní ínfátà ni pé ṣájà rẹ̀ kì í fa iná púpọ̀. Ọ̀sán ni mo máa ń sọ tèmi sí i, nígbà tí oòrùn ń ta sórí sólà. Mo máa ń jẹ́ kí bátìrì tutù kí n tó ṣájì í, n kì í sì fi í sínú bùùtù ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù Kẹta, nítorí ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí bátìrì bá darúgbó, owó òmíràn yóò mú yín ronú bóyá kí ẹ kúkú ra ẹ̀rọ tuntun. Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ ìlùhò oníbátìrì nílé tẹ́lẹ̀, ẹ wá ẹ̀rọ ìṣánko ilé-iṣẹ́ kan náà tí yóò máa lo bátìrì rẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin wa, oníbátìrì ni kí ẹ rà, bí ó bá dá yín lójú pé ẹ óò máa jáde sí i ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ṣán igbó tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ pe àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń gbé elépo kiri, kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ṣa yangí àti àfọ́kù ìgò kúrò kí ẹ tó bọ́ sí i. Òkúta tí kò tó èkùrọ́ ti fò láti abẹ́ ẹ̀rọ mi rí, ó sì fọ́ gíláàsì lúfà méjì ní fèrèsé ilé ìdáná wa. Ẹ wọ awò ojú. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ máa ń gbé yín kúrò nílùú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ra ìkankan, ẹ máa sanwó fún àwọn ọmọkùnrin náà. Elépo mi àtijọ́ ṣì wà ní ilé ẹbí wa ní Òmù-Àrán, níbi tí a kì í dé ju oṣù méjìméjì lọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ ẹ́.

Okùn 1.6 mm ni ọ̀pọ̀ oníbátìrì ń lò, ẹ má sì fi èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, nítorí yóò mu bátìrì ní àmugbẹ. Nígbà ọyẹ́, okùn náà máa ń gbẹ débi pé yóò máa kán wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ mú un jáde lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá fi di àárọ̀ Sátidé, yóò ti padà rọ̀.