Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Dé Tí Ẹyẹ Kò Fi Pamọ Nínú Ọgbà Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ohùn ẹyẹ ló máa ń jí mi láràárọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín kù. Mò ń da ọkà sílẹ̀ fún wọn, mò ń gé koríko, mo sì máa ń fín oògùn apakòkòrò kí ọgbà lè mọ́. Wọ́n ń wá jẹ ọkà náà, àmọ́ wọn kì í kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọgbà yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ṣírò ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà rí i pé wọ́n ti fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dín sí iye tí wọ́n jẹ́ ní 1970, ó sì dùn wá pé àwọn ẹyẹ tí ojú mọ̀ jù lọ wà lára wọn.

Oògùn tí ẹ ń fín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àgbà ẹyẹ lè jẹ ọkà yó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹyẹ inú ọgbà, títí kan àwọn tó ń jẹ ọkà fúnra wọn, kòkòrò tútù ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn. Ẹyẹ kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní chickadee. Ìdin labalábá tí takọtabo rẹ̀ ń kó wálé kí ọmọ inú ìtẹ́ kan ṣoṣo tó lè fò máa ń tó 6,000 sí 9,000. Níbo ni wọn yóò ti rí i nínú ọgbà tí oògùn ti pa kòkòrò rẹ̀ tán?

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbin igi àti òdòdó tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ yín gan-an, nítorí ewé tí ó ti mọ́ wọn lára láti ìrandíran ni ọ̀pọ̀ kòkòrò lè jẹ, wọn kì í sì í fẹnu kan ọ̀pọ̀ òdòdó àjèjì bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ láìgé koríko rẹ̀, kí ẹ má sì gbá gbogbo ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ igi dànù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdin ń sá sí kí wọ́n tó di labalábá. Àwọn aládùúgbò lè rò pé ẹ kò tọ́jú ọgbà. Ní tiwa, ìtọ́jú tó jinlẹ̀ jù lọ nìyẹn.

Omi nínú àwo pẹlẹbẹ dára, bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé. Ẹ máa fọ ibi tí ẹ ń da ọkà sí pẹ̀lú, nítorí pé láti nǹkan bí 2005 ni àrùn kan tó ń ràn níbi oúnjẹ àti omi ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ greenfinch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní ológbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa rìn kiri níta. Gíláàsì fèrèsé tún ń pa ẹyẹ, torí òjìji igi tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fò lọ bá. Ẹ lẹ àmì kéékèèké mọ́ ọn láti ìta, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Kí ẹ tó gé ẹ̀ka igi kankan, ẹ wò ó dáadáa bóyá ìtẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fò lọ tán kí ẹ tó gé e.